Mo Gbé Bàtà Rẹ̀ Dání

Ọmọdé ni mí nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
ẹsẹ̀ mi ò tíì kún bàtà àgbà,
ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé bàtà Asankul dání
nígbà tó sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn tí à ń bá jà.

Àwa Kirigísì la wà lókè, àwọn Tajíìkì wà nísàlẹ̀,
ojú omi kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wa.
Yìnyín orí òkè ló ń yọ́ sínú rẹ̀,
a dé ìdí igi ápríkọ́ọ̀tì tiwa kó tó dé tiwọn.
Lọ́dún yẹn, yìnyín ṣahun.
Ẹnìkan lábúlé wa fi páànù dí omi lóru.
Kílẹ̀ tó mọ́ tán, ṣọ́bìrì ti di ohun ìjà,
òkò ń fò bí ẹyẹ tí wọ́n lé lóko,
ọ̀kan bá Daler, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lójú ọ̀tún.
Ojú kan fọ́.
Ó yẹ kójú ti gbogbo wa; ojú ò ti ẹnìkankan.

Àwọn ọkùnrin wa ní kí olórí kó ọlọ́pàá dání,
kó wọ mọ́tò, kó dé fìlà gàgàrà rẹ̀,
kí wọ́n lè mọ irú ẹni tó wá.
Asankul ṣí fìlà, ó fi kọ́ ìṣó.
Ó ní, "Ẹni tó ń lọ tọrọ àforíjì kì í gẹṣin dé ẹnu ọ̀nà."
Ẹsẹ̀ la fi rìn.

Ilẹ̀kùn ilé Daler wà ní títì.
Asankul jókòó sórí òkúta.
Oòrùn yọ, oòrùn kan àtàrí,
ẹnìkan da omi ìfọṣọ gba orí ògiri,
ó ta sí i láyà,
ó nù ún, kò dìde.
Èmi ti bẹ̀rẹ̀ láti mú òkò.
Ó wo ọwọ́ mi, ó ní,
"Ṣé èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì tó?"

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bibisoro, ìyá àgbà ọmọ náà, tó ṣílẹ̀kùn.
"Kí lo wá sọ?"
"Ìyá, n kò wá sọ. Mo wá gbọ́."
Háà, ó gbọ́!
Ó gbọ́ ti ojú, ó gbọ́ ti omi,
ó gbọ́ ti àgùntàn tí baba ńlá wa jí kí wọ́n tó bí i,
ó gbọ́ èébú tí n kò lè kọ síbí.
Kò sọ pé "àmọ́", kò sọ pé "ẹ̀yin náà ńkọ́".
Ìgbà mẹ́ta ni ìyá náà bi í: "Ta ló dí omi?"
"Èmi ni olórí wọn. Ọwọ́ mi ni kí ẹ ti béèrè."
Wọn ò fún wa ní tíì.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó mú ṣọ́bìrì,
ó kọrí sí ìsàlẹ̀ pátápátá,
níbi tí ẹrẹ̀ gbogbo wa ń gbá jọ sí, táwa ará òkè ò dé rí.
Ó bọ́ bàtà, ó ní kí n bá òun mú un.
Ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún.
Bàbá Daler dúró ní bèbè, ó wò ó títí,
ó ní, "Ìwọ yìí ò mọ ṣọ́bìrì mú."
Asankul na ṣọ́bìrì sí i:
"Kọ́ mi."

Ibẹ̀ ni àlàáfíà ti bẹ̀rẹ̀, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ rárá.
Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí fọ́tò,
ọkùnrin méjì nínú ẹrẹ̀, ọ̀kan ń bá èkejì wí,
omi ń gba àárín ẹsẹ̀ wọn lọ sísàlẹ̀;
omi kì í gòkè kó tó sọ oko di tútù.

Ojú Daler kò padà.
Àwọn èèyàn wa pe Asankul ní ojo,
ìbò ọdún kejì ló lé e kúrò lórí àga.
Àwọn kan ṣì ń tutọ́ bí wọ́n bá ń kọjá afárá.
Ṣùgbọ́n ọ̀sán jẹ́ tiwa, òru jẹ́ tiwọn, omi ń lọ.

Bàbá mi ló dí omi lóru ọjọ́ náà.
Asankul mọ̀. Ó mọ̀ kó tó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Lónìí, èmi ni mo wà lórí àga náà.
Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó mọ́ tónítóní;
bàtà kọ́ ló wọ ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ ni.
Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ sípàdé.
Ó ṣì tóbi.